Nọ́ńbà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá Fún Land Rover Ológun, Kì í Ṣe Páátì

Ohun tó máa ń ba àwọn tó ń ra Land Rover ológun lẹ́rù jù ni pé bóyá wọn kò ní rí páátì rẹ̀ rà. Ẹ̀rù náà kò fi bẹ́ẹ̀ nídìí. Nínú Defender 110 tó ti bá ọmọ ogun Ìlú Ọba ṣiṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú irin inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èyí tí àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń kó koríko lọ fún ẹran: ẹ́ńjìnnì kan náà, gíábọ́ọ̀sì kan náà, béárìn kan náà. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù ló jẹ́ ti ológun nìkan. Ààlà àárín méjèèjì ni owó ti máa ń ṣòfò. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ààlà náà wà yóò san owó páátì ológun lórí ohun tó kún ìgboro, yóò sì ra páátì ìgboro síbi tí kò ti ní bá a mu.

Oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé jù. Àkọ́kọ́ ni One Ten àtijọ́ (ọdún 1990 ni orúkọ Defender ṣẹ̀ṣẹ̀ dé), tó sábà máa ń ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lítà 2.5 tí kò ní turbo. Èkejì ni Wolf, tí ìwé ológun ń pe èyí tó gùn níbẹ̀ ní TUM HS, tó sì ń pe èyí tó kúrú ní TUL HS. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni Wolf wọṣẹ́ ológun, ẹ́ńjìnnì 300Tdi ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ tún máa gbọ́ GS àti FFR. GS ni ti iṣẹ́ gbogboogbò, 12V ló sábà máa ń lò. FFR ni èyí tí wọ́n pèsè sílẹ̀ láti gbé rédíò ológun, 24V sì ni tirẹ̀. Ẹ má ṣe gba ohun tí olùtajà bá kọ gbọ́ lórí èyí. Ẹ ka iye bátìrì, ẹ sì fi mítà wọ̀n ọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ FFR ni ẹni tó kọ́kọ́ rà á lọ́wọ́ ológun ti sọ di 12V ní ààbọ̀ iṣẹ́.

Òfin ìkówọlé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Amẹ́ríkà ń fẹ́ kí ọkọ̀ ti pé ọdún 25, kíkà náà sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tí wọ́n ṣe é. Kánádà ń fẹ́ ọdún 15. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara irin ṣásí níwájú lápá ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórí àwo orúkọ ọkọ̀ mu. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti fi páálí yanrin fá ibẹ̀ tàbí pé wọ́n ti jó irin tuntun mọ́ ọn, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ìwà ológun sí ọkọ̀ yàtọ̀ sí ti aládàáni. Nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń yí ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, ìwé sì wà fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n tún lè gbé e kalẹ̀ fún ọdún pípẹ́ láìtan án. Ìdí nìyẹn tí kìlómítà kékeré ojú aago kò fi yẹ kó mú orí ẹnikẹ́ni wú. Ìdúró ń pa ohun tí ìrìn kì í pa. Ọ́ìlì síìlì á gbẹ, á sì le. Písítìnnì bíréèkì á lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀. Omi á wọ inú ọ́ìlì bíréèkì, nítorí DOT 4, irú ọ́ìlì bíréèkì tó wà nínú rẹ̀, máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ìdọ̀tí dúdú tó ń yọ̀ á hù nínú táǹkì dísẹ́ẹ̀lì níbi tí omi àti epo bá ti pàdé, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá sì kọ́kọ́ gba òpópónà oníhòhò ni yóò ru sókè dí fílítà. Táyà 7.50R16 tí ológun ń lò lè ṣì ní èékánná (ìlà ojú táyà) tó jìn dáadáa kí ó sì jẹ́ òkú táyà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára rẹ̀: 2304 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2004. Bó bá ti lé ní ọdún 10, ẹ yọ ọ́, bó ti wù kó dára lójú tó.

Wọ́n tún ní ìwà kejì, èyí tó kan páátì gan-an. Iṣẹ́ REME, ìyẹn ẹ̀ka mẹkáníìkì ológun Ìlú Ọba, ni kí ọkọ̀ tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí gíábọ́ọ̀sì bá bàjẹ́, wọ́n lè sọ ọ́ kalẹ̀ lódidi kí wọ́n gbé èyí tí wọ́n ti tún ṣe sílẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹ́ńjìnnì àti ákísù. Nítorí náà, nọ́ńbà ṣásí lè sọ ohun tó kúrò nílé iṣẹ́ fún yín, kò lè sọ ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ lónìí. Kí ẹ tó bèèrè owó páátì kankan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìdọ̀tí, kí ẹ kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ti gíábọ́ọ̀sì R380, ti gíábọ́ọ̀sì kejì LT230, àti ti ákísù méjèèjì sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé lẹ́tà tó parí nọ́ńbà gíábọ́ọ̀sì. Lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ló ń sọ irú èyí tó jẹ́, béárìn inú oríṣi kan lè má wọ inú òmíràn.

Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà náà

Páátì kan lè ní nọ́ńbà mẹ́ta: ti NATO, ti Land Rover, àti ti iléeṣẹ́ tó ṣe é gan-an.

Ti NATO, tí wọ́n ń pè ní NSN, jẹ́ ẹyọ nọ́ńbà 13. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ń sọ ìdílé ohun náà. 2520 ni ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, bíi gíábọ́ọ̀sì àti ṣáfútì. 2530 ni bíréèkì, sítíárìn, ákísù àti rímù. 2910 jẹ́ ti ọ̀nà epo, 2920 ti iná ẹ́ńjìnnì, 2930 ti ìtutù, 2940 ti fílítà afẹ́fẹ́ àti ti ọ́ìlì. 3110 ni béárìn, 5330 ni gásíkẹ́ẹ̀tì àti síìlì, 6140 ni bátìrì, 6240 ni gílóòbù. Méjì tó tẹ̀ lé e ni orílẹ̀-èdè tó fi nọ́ńbà náà sínú ìwé: 99 ni Ìlú Ọba, 12 ni Jámánì, 14 ni Faransé, 00 àti 01 ni Amẹ́ríkà. Méje tó kẹ́yìn kò ní ìtumọ̀ kankan ju pé ó jẹ́ ti ohun náà nìkan.

Ohun mẹ́ta ni èyí ń ṣe fún ẹni tó ń wá páátì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń tú àṣìṣe olùtajà fó: bí ẹnì kan bá ní béárìn ìdí táyà lòun ń tà, tí àpò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5330, síìlì ló wà nínú àpò náà. Lẹ́yìn náà, mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn ni orúkọ tí kì í yí padà. Ìdílé lè yí, ohun kan tó wà ní 2530 lánàá lè bọ́ sí ìdílé mìíràn lọ́la. Ẹ máa fi mẹ́sàn-án yẹn wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí ohun tí ẹni tó tẹ gbogbo 13 kò rí. Ìkẹta, NSN kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kan. Iléeṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lè máa ṣe ohun tó ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, bí ó bá ṣáà ti bá ìwọ̀n tí ológun béèrè mu. Torí náà 99 kò ní kí ẹ wá a ní Ìlú Ọba nìkan.

Nọ́ńbà Land Rover ti ìgbà yẹn máa ń ní lẹ́tà mẹ́ta níwájú: RTC, STC, FTC, ERR, ETC, NRC, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fún Defender ìgbà 300Tdi, fílítà ọ́ìlì ni ERR3340, fílítà epo ni AEU2147L, béárìn ìdí táyà ni RTC3429, síìlì rẹ̀ sì ni FTC4785. Àwọn wọ̀nyí kún ọjà. Ẹni tó bá ń wá wọn ní ilé ìtajà ohun ológun ń fi owó ṣeré. Ṣùgbọ́n lórí Wolf, tí wọ́n fún ní ṣásí àti ákísù tó nípọn ju ti ìgboro lọ, ẹ tú u, ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹta, nọ́ńbà iléeṣẹ́ tó ṣe é, ni mo fẹ́ràn jù, nítorí òun ni kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Béárìn ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí etí òrùka rẹ̀, ilé béárìn èyíkéyìí láyé ló sì lè kà á. Ọ́ìlì síìlì ní ìwọ̀n mẹ́ta: ihò inú, fífẹ̀ ìta, àti nínípọn. Pẹ̀lú ìwọ̀n mẹ́ta yẹn àti irú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é, ẹ lè ra síìlì láìdárúkọ Land Rover rárá. Lucas ló ṣe ọ̀pọ̀ ohun iná, Girling ṣe bíréèkì, Bosch ṣe pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì 300Tdi. Orúkọ wọn àti nọ́ńbà wọn wà lára irin náà bí ẹ bá fọ̀ ọ́ mọ́.

Ìwé tó so nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni AESP, ìwé iṣẹ́ tí ológun Ìlú Ọba ṣe fún ohun èlò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Apá tó jẹ́ ti páátì ní àwòrán tí wọ́n tú sílẹ̀, pẹ̀lú NSN páátì kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wá a kí ọkọ̀ tó dé.

Nípa páátì ológun tí kò tíì kúrò nínú àpò rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, èrò mi kò gùn: irin ni kí ẹ rà, kì í ṣe rọ́bà. Àkọlé ara àpò náà máa ń ní ọjọ́ tí wọ́n dì í. Gíà tàbí ṣáfútì tí wọ́n fi gíríìsì bò tí wọ́n sì dì ní ogún ọdún sẹ́yìn lè dára ju èyí tí wọ́n ń ṣe lónìí lọ. Síìlì, hóòsì, bẹ́líìtì àti rọ́bà inú bíréèkì tó jẹ́ ọjọ́ orí kan náà kò wúlò, ẹ̀bùn ìbáà ṣe.

Ẹ tún kíyè sí bóòtù. Land Rover jẹ́ àdàlù: tírẹ́ẹ̀dì onímìlímítà àti tírẹ́ẹ̀dì onínǹṣì wà lára ọkọ̀ kan náà, nígbà mìíràn lórí ákísù kan náà. Bóòtù M10 àti ti 3/8 ínǹṣì súnmọ́ra débi pé nọ́ọ̀tì èkíní á yí lẹ́ẹ̀mejì lórí èkejì kó tó há. Ẹni tó bá fi sípánà gígùn tì í ti ba ihò jẹ́. Ìwọ̀n tírẹ́ẹ̀dì kò wọ́n. Ẹ ní in lọ́wọ́.

Iná 24V

Ibí ni ọkọ̀ ológun ti yàtọ̀ sí ti ìgboro jù, ibí náà sì ni mẹkáníìkì tó gbọ́n ti máa ń kọsẹ̀.

Bátìrì 12V méjì ni wọ́n so tẹ̀ léra. Ọ́tánétọ̀ ń rán nǹkan bíi 28V sí wọn, kálukú sì ń gba 14V bí méjèèjì bá dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ra ọkọ̀ á fẹ́ fi rédíò orin sí i, tàbí ohun tí yóò máa fi gba iná sí fóònù, á sì so ó mọ́ bátìrì kan ṣoṣo torí pé 12V lòun ń wá. Rédíò á sọ̀rọ̀, inú á dùn. Ṣùgbọ́n bátìrì tí wọ́n ń fa iná nínú rẹ̀ á máa rẹ̀ sí i, èkejì tó ti kún ni ọ́tánétọ̀ á sì máa kì mọ́lẹ̀. Ọ̀kan á kú fún ebi, èkejì á kú fún àyójù. Láti mọ̀ bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ wọn bátìrì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ọ̀kan bá ń fi 13V hàn tí èkejì sì ń fi 15V hàn, àpapọ̀ wọn ṣì jẹ́ 28V, aago inú ọkọ̀ kò ní sọ nǹkan kan, ìparun sì ń lọ lọ́wọ́. Oògùn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń sọ 24V di 12V, kí ẹ so ó mọ́ méjèèjì papọ̀, kí gbogbo ohun tó ń lo 12V sì gba ibẹ̀ kọjá.

Bátìrì méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan: iléeṣẹ́ kan náà, Ah (iye iná tó lè gbà) kan náà, ọjọ́ kan náà. Bí ọ̀kan bá kú, méjèèjì ni ẹ máa pààrọ̀. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti tan, ẹ má fi wáyà fa iná láti ara ọkọ̀ 12V tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sí orí gbogbo 24V. Ọkọ̀ 24V, tàbí bátìrì 12V méjì tí a so tẹ̀ léra lórí ilẹ̀, ni kó ràn án lọ́wọ́.

Ìbéèrè tí kì í tán ni bóyá kí a sọ ọkọ̀ náà di 12V. Ẹ ka ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà kí ẹ tó dáhùn: ọ́tánétọ̀, sítátà, ẹ̀rọ wáípà, fáànù tó ń fẹ́ ooru, fọ́nrán tó ń dá epo dúró lórí pọ́ǹpù Bosch, plọ́ọ̀gì tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná àti ohun tó ń darí rẹ̀, aago ojú dásíbọ́ọ̀dù, fúlásà, họ́ọ̀nù, gbogbo ríléè, gbogbo gílóòbù. Èyí tí ẹ bá gbàgbé ló máa já yín kulẹ̀. Bí ọ́tánétọ̀ àti sítátà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi 24V sílẹ̀. Gílóòbù 24V, ríléè 24V àti fọ́nrán ìdáepodúró 24V kì í ṣe ohun ológun rárá. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń lò wọ́n káàkiri ayé, ilé páátì tírélà ni kí ẹ lọ. Tí ọ́tánétọ̀ ńlá FFR bá kú, tí sítátà náà sì ń kú lọ, àyípadà sí 12V di ohun tó bọ́gbọ́n mu.

Kí ẹ tó tú wáyà kankan torí pé iná ẹ̀yìn tàbí iná bíréèkì kò tàn, ẹ wo kọ́kọ́rọ́ iná tó ń yí ká lórí dásíbọ́ọ̀dù. Ológun ní ipò kan níbẹ̀ tó ń pa gbogbo iná tí ọ̀tá lè rí, tó sì ń fi gílóòbù kékeré kan sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kí ó máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ìdí dífù ẹ̀yìn (àpótí gíà tó wà láàárín ákísù). Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kun dífù náà ní funfun: ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn nìkan ló máa rí i. Ọ̀pọ̀ ìṣòro iná tí wọ́n ń fi wákàtí wá ni ìka méjì lè yanjú.

300Tdi àti ohun tó ń mú un kú

Ẹ́ńjìnnì yìí lágbára, ṣùgbọ́n táímìn bẹ́líìtì rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá já, fáàfù á kan písítìnnì. Ìwé iṣẹ́ sọ pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní máìlì 72,000, ìdajì iye yẹn níbi tí eruku bá pọ̀. Fún ọkọ̀ ológun tó ti dúró pẹ́, ọjọ́ orí ni kí ẹ wò, kì í ṣe máìlì: tí kò bá sí ìwé tó fi ọjọ́ ìpààrọ̀ hàn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wakọ̀ náà jìnnà. Ohun mìíràn wà. 300Tdi ìgbà àkọ́kọ́ ní àléébù kan tí kò jẹ́ kí bẹ́líìtì rìn gún, ó máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ títí etí rẹ̀ á fi jẹ. Wọ́n ṣe àkójọ páátì tí a tún ṣe fún un. Bí ẹ bá ṣí ìdérí tí ẹ bá ìyẹ̀fun rọ́bà dúdú níbẹ̀, bẹ́líìtì nìkan kò tó, àkójọ yẹn ni kí ẹ rà.

Ẹ kò nílò láti ṣí ìdérí kí ẹ tó ní ìfura. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ilé bẹ́líìtì, òmíràn wà nísàlẹ̀ ilé fúláìwíìlì, ológun sì máa ń dé méjèèjì pa kí ọkọ̀ lè la omi kọjá. Ìdérí tí ẹnikẹ́ni kò rántí yọ lẹ́yìn omi ń há ọ́ìlì mọ́bẹ̀, ọ́ìlì sì ń jẹ rọ́bà bẹ́líìtì. Ẹ tú méjèèjì. Ìyẹ̀fun dúdú níwájú: bẹ́líìtì ń jẹ. Ọ́ìlì níwájú: síìlì kámù tàbí ti kíráǹkì ti lọ. Ọ́ìlì dúdú lẹ́yìn jẹ́ ti síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá dúdú tó sì fẹ́lẹ́, gíábọ́ọ̀sì ló ti wá.

Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ bẹ́líìtì, fúláìwíìlì, kámù àti pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ wà lójú àmì kí ẹ tó tú u: ẹ fi píìnì dá fúláìwíìlì dúró, ẹ fi píìnì 9.5 mm kọjá gíà pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì, kí àmì gíà kámù sì wà níbi tó yẹ. Ẹ má fi píìnì yẹn ṣe ohun tí ẹ óò gbára lé láti tú bóòtù iwájú kíráǹkì. Bóòtù náà le gan-an, 80 Nm ni wọ́n fi ń dè é kí wọ́n tó tún yí i ní 90°, píìnì á sì ṣẹ́ sínú. Lẹ́yìn tí bẹ́líìtì tuntun bá wọlé, ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì pátápátá, ẹ tún wo àmì, ẹ tún wo líle bẹ́líìtì. Ẹni tó fo yíyí ọlọ́wọ́ yìí tó sì tẹ sítátà ń ta tẹ́tẹ́.

Àlàfo fáàfù jẹ́ 0.20 mm fún gbogbo mẹ́jọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ọ̀nà tó yá jù ni òfin mẹ́sàn-án: nígbà tí fáàfù kan bá ṣí tán pátápátá, ẹ yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò nínú 9, fáàfù tó kù ni kí ẹ wọ̀n. Bí 1 bá ṣí, ẹ wọn 8. Bí 3 bá ṣí, ẹ wọn 6.

Omi rádíétọ̀ ní ibi méjì tí kò ṣeé fọkàn tán. Ìdérí oníke orí rádíétọ̀ àti ti orí ilé tẹmọ́sítáàtì máa ń sán. Idẹ ni kí ẹ fi rọ́pò wọn, wọn kò wọ́n. Ibì kejì ni gásíkẹ́ẹ̀tì tó dà bí lẹ́tà P, lẹ́yìn ilé tí pọ́ǹpù omi wà. Omi á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, á gbẹ lórí ooru, ẹ ó kàn rí àmì àwọ̀ rẹ̀ lára irin. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju owó rẹ̀ lọ, nítorí ohun púpọ̀ ni ẹ máa tú kí ẹ tó dé ibẹ̀. Bóòtù ibẹ̀ kò gùn dọ́gba: ẹ lu ihò sí páálí bí àwòrán rẹ̀ ṣe rí, kí ẹ ti olúkúlùkù bọ ihò tirẹ̀.

Bí atẹ́gùn bá wọ ọ̀nà epo lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ fílítà, ọwọ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù tó ń fa epo lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ dẹ bóòtù orí ilé fílítà, ẹ máa tẹ ọwọ́ náà títí epo tí kò ní atẹ́gùn nínú fi jáde. Bí ọwọ́ náà bá rọ̀ tí kò tì nǹkan kan, pọ́ǹpù kò tíì bàjẹ́: kámù ló gbé e sókè. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún gbìyànjú.

Láti gíábọ́ọ̀sì dé táyà

Òfin kan wà tó ju gbogbo òfin ibẹ̀ lọ: ẹ tú nọ́ọ̀tì tí a fi ń bu ọ́ìlì sí i kí ẹ tó tú èyí tí a fi ń dà á nù. Lẹ́yìn ìdúró ọdún púpọ̀, èyí òkè lè há tí kò ní jáde, ẹni tó bá sì ti da ọ́ìlì nù tán á ní gíábọ́ọ̀sì òfìfo nínú ọkọ̀ tí kò lè rìn. Ọ́ìlì wọn kò papọ̀: LT230 àti ákísù ń lo EP90, R380 kì í lò ó, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tirẹ̀ ni MTF 94. EP90 nínú R380 á mú kí gíà le láti wọlé nígbà òtútù.

Ibi tí R380 àti LT230 ti pàdé ní àìsàn kan tí gbogbo ẹni tó mọ ọkọ̀ yìí mọ̀. Eyín ṣáfútì R380 wọ inú gíà àkọ́kọ́ LT230, ṣùgbọ́n ọ́ìlì kì í dé ibẹ̀ dáadáa nínú àwọn ti ìṣáájú. Eyín á máa fá ara wọn títí wọn ó fi pò, ọkọ̀ á sì dúró, ẹ́ńjìnnì á máa ké, táyà kò ní yí. Àmì ìṣáájú ni ìró kọ̀ọ̀ nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo tí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé yẹ̀ wò láìsọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀: ẹ tú ìdérí ẹ̀yìn LT230, ẹ fa gíà náà jáde láti ẹ̀yìn. Ìyẹ̀fun pupa lára eyín túmọ̀ sí pé gbígbẹ ló ti ń ṣiṣẹ́. Gíà tí wọ́n lu ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ́ìlì lè wọlé ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Bí eyín ṣáfútì fúnra rẹ̀ bá ti tẹ́ẹ́rẹ́, R380 náà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, owó yẹn sì yàtọ̀.

Ọ̀pá tó ń ti dífù àárín (èyí tó wà nínú LT230) pa sábà máa ń há, torí pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò lò ó rí. Ẹ má fi agbára fà á nínú ọkọ̀. Ẹ lọ sábẹ́, ẹ tú oríkèé rẹ̀, ẹ fi ọ́ìlì tó ń wọnú ìpẹtà rin ín. Bí ó bá tipa tí kò fẹ́ ṣí, ẹ fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn ní mítà díẹ̀.

Bọ́ọ̀lù níkẹ́ẹ̀lì iwájú (oríkèé tí táyà iwájú fi ń yà) tó bá ti ní ihò ìpẹtà á máa gé síìlì tuntun ní gbogbo ìgbà. Síìlì nìkan kò ní wò ó sàn. Èyí tó ń lo ọ́ìlì ń gba 0.35 lítà EP90 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fún bíréèkì, ẹ pààrọ̀ gbogbo hóòsì àti gbogbo ọ́ìlì rẹ̀, láìbéèrè bóyá ó tó àsìkò.

Ìpẹtà ṣásí kò gba àlàyé gígùn. Irin àgbélébùú ẹ̀yìn, apá tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ láti gbé bọ́dì, àti ibi ẹsẹ̀ awakọ̀ ni kí ẹ fi òòlù kékeré kàn. Ọ̀dà dúdú tó nípọn kò tọ́jú nǹkan, ó ń bò ó ni. Níbi tí alumíníọ̀mù bọ́dì bá ti kan irin, ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun àti wíwú lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ fi rọ́bà tàbí ọ̀dà tó nípọn pín wọn níyà nígbà tí ẹ bá ń dè é padà.

Ohun tó yẹ kó wà nílé

Ọkọ̀ tí páátì rẹ̀ ń gba orí òkun kọjá kò gbọ́dọ̀ máa dúró de páátì olówó kékeré. Àkójọ táímìn bẹ́líìtì kan, pọ́ǹpù omi, gásíkẹ́ẹ̀tì P, pọ́ǹpù tó ń fa epo, fọ́nrán ìdáepodúró, béárìn àti síìlì fún ìdí táyà méjì, hóòsì rádíétọ̀ méjèèjì, fílítà ìgbà mẹ́ta, àti gílóòbù 24V kún àpótí kan: ẹ rà wọ́n pọ̀ kí owó ọkọ̀ ojú omi lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Lórí béárìn, síìlì, bẹ́líìtì, pọ́ǹpù omi àti ohunkóhun tó bá ní ọ́ìlì bíréèkì nínú, ẹ ra ti iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára èyí àtijọ́. Lórí gíláàsì iná, ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn àti kápẹ́ẹ̀tì, èyí tó rọjú jù náà á ṣe é.

Ẹ má ju páátì àtijọ́ nù títí tuntun yóò fi wọlé tí yóò sì ṣiṣẹ́, nítorí nọ́ńbà ara rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ẹ ní. Rọ́bà ni kí ẹ fi sínú àpò dúdú tí a dì pa, kúrò níbi oòrùn àti níbi tí ẹ̀rọ iná ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sí i lára. Bátìrì kì í ṣe ohun ìpamọ́: ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ lò ó ni kí ẹ rà á, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú páálí tí ọjọ́ rẹ̀ dọ́gba.